Ta ló sọ Èkó di ìlú ńlá? Àlàyé lórí òwò, ọkọ̀ àti àwọn tó wá tẹ̀dó

Bí ìdìbò bá ti ń súnmọ́lé, àríyànjiyàn kan máa ń jí lórí ẹ̀rọ ayélujára. Ẹnìkan á ní Èkó kò ní onílẹ̀, gbogbo Nàìjíríà ló ni ín. Ẹlòmíràn á dá a lóhùn pé kò sí ilẹ̀ tí kò ní baba, kí ẹni tí kò bá mọ onílẹ̀ Èkó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn olóyè tó ni ilẹ̀. Lásìkò ìdìbò gómìnà ní oṣù kẹta 2023, ọ̀rọ̀ náà kọjá ọ̀rọ̀ ẹnu, ó di ìhàlẹ̀ ní àwọn ibùdó ìdìbò kan, kò sì tíì rọlẹ̀ láti ìgbà náà.

Ohun tó ń da àríyànjiyàn náà rú ni pé ìbéèrè méjì ni wọ́n ń so pọ̀ bí ẹni pé ẹyọ kan ni. Ta ló ni ilẹ̀? Kí ló sì mú erékùṣù kékeré kan di ìlú tí èrò pọ̀ sí jù ní Nàìjíríà? Ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè kejì máa ń rò pé òun ti dáhùn èkíní. Ìtàn Àwórì àti ìwé ilé ẹjọ́ ni a ó fi mọ èkíní. Èbúté ni a ó fi mọ èkejì.

Kí ni Èkó ní tí àwọn ìlú etí òkun yòókù kò ní?

Ẹnu omi ni. Ní apá ibi tí a wà yìí, iyanrìn ló kọjú sí òkun, ọ̀sà ló sì wà lẹ́yìn iyanrìn náà, tó gùn lọ gbọọrọ. Ibi tí omi ọ̀sà ti rí ọ̀nà já sínú òkun tí kò sì ní dí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò wọ́pọ̀ rárá. Èkó wà létí ọ̀kan. Ní Ouidah àti Àgbádárìgì, etí òkun gbalasa ni ọkọ̀ òyìnbó ń dúró sí, àárín ìgbì sì ni àwọn awakọ̀ ọpọ́n ń là kọjá kí ẹrù tó délẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù tó bá ti wọ ọ̀sà Èkó lè gba ojú omi dé Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó lè gba odò Ògùn lọ sí ìhà Abẹ́òkúta, ó sì lè lọ títí dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ìwọ̀ oòrùn, láìfojú kan òkun mọ́.

Kí òwò òkun tó gbilẹ̀, ìlú ti wà níbẹ̀. Ìtàn àwọn Àwórì sọ pé àwọn ọmọ Ọlọ́fin ló pín ilẹ̀ náà láàárín ara wọn, àwọn ìdílé wọn ló sì di olóyè Ìdẹ́jọ, àwọn onífìlà funfun tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Agbára Bìní wọlé lẹ́yìn náà, ìdílé ọba sì ti ibẹ̀ wá. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ní Èkó, ọba ló ń jọba, Ìdẹ́jọ ló ni ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jà lórí ọ̀rọ̀ yìí lórí ayélujára kò tilẹ̀ mọ ìyàtọ̀ yẹn.

Òwò wo ló kọ́kọ́ mú ìlú náà gbòòrò?

Òwò ẹrú ni. Láti ìgbà Ọba Akínṣẹmọ́yìn, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ni àwọn Potogí ti fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé wó, tí ogun sì gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tí wọ́n kó lógun kún ọ̀nà tó lọ sí etí omi, Èkó sì di ọ̀kan lára àwọn èbúté tí wọ́n ti ń kó ẹrú jáde jù ní gbogbo etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Bahia ní Brazil àti Cuba ni wọ́n ń kó púpọ̀ nínú wọn lọ.

Ní oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu ìlú, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, wọ́n sì dá Akítóyè, ọba tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, padà. Òpin òwò ẹrú ni ìdí tí wọ́n kéde. Àwọn onímọ̀ ìtàn kan gbà á bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn ní ọjà epo pupa ló ká wọn lára jù. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ 1861, wọ́n mú Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé pé Èkó ti di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé yẹn ló bí ẹjọ́ ńlá kan lẹ́yìn 50 ọdún, a máa dé ibẹ̀.

Epo pupa àti èkùrọ́ ló gba ipò ẹrú. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ àti àbẹ́là ní Yúróòpù ń fẹ́ wọn, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ sì ń fẹ́ epo tí yóò mú un yí geere. Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní 1852 tí àwọn èèyàn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀: ọkọ̀ onísítíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí etíkun yìí ní àkókò tí gbogbo ayé mọ̀. Kí ìyẹn tó dé, ẹni tó bá máa bá òyìnbó ṣòwò ní láti ní ọkọ̀ òkun tirẹ̀ tàbí kó mọ ẹni tó ní. Lẹ́yìn 1852, oníṣòwò tó ní àgbá epo mẹ́wàá péré lè san owó àyè nínú ọkọ̀ elòmíràn. Òwò bọ́ sọ́wọ́ àwọn kéékèèké. Kì í ṣe pé àwọn ńlá pòórá o: Ìyáàfin Tinúbú tó ti ta ẹrú àti ìbọn náà ta epo, agbára rẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n lé e kúrò ní Èkó lọ sí Abẹ́òkúta ní 1856.

Àmọ́ Èkó kò ní oko ọ̀pẹ tirẹ̀ tó lè kún ọkọ̀. Ilẹ̀ òkè ni epo ti ń bọ̀, ẹni tó bá sì dí ọ̀nà ló mú Èkó lọ́rùn. Nígbà ogun Ìjàyè, àti nígbà ogun Kírìjì láti 1877, ọjà a máa dá ní Èkó nítorí pé ọ̀nà kò là. Ìjẹ̀bú kò gbà kí oníṣòwò Èkó kọjá lọ rajà fúnra rẹ̀, nítorí èrè alárinà lọ̀rọ̀ ajé wọn dúró lé. Gẹ̀ẹ́sì bá wọn jà ní Ìmàgbọn ní 1892, ọ̀nà sì ṣí. Wọ́n ṣí i pẹ̀lú ìbọn.

Àwọn wo ló wá, kí ni wọ́n sì mú wá?

Àwọn tó kọ́kọ́ wá lọ́pọ̀ yanturu, ọmọ ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn Sàró ni àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú omi, tí wọ́n kó lọ sí Freetown, àti àwọn ọmọ wọn. Wọ́n mọ̀wé, wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà sí oníṣòwò ní Liverpool. Inú wọn ni akọ̀wé, pásítọ̀, lọ́yà àti onítẹ̀wé ti jáde. Àwọn Àgùdà padà láti Brazil àti Cuba pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́: bíríkìlà, káfíńtà, alágbẹ̀dẹ, télọ̀. Àwọn ló kọ́ àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì olójú fèrèsé aláràbarà tó kù díẹ̀ ní Pópó Àgùdà títí di òní.

Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, fi hàn bí ìpàdé yìí ṣe rí. Ẹni tó náwó rẹ̀, Mohammed Shitta, Sierra Leone ni wọ́n ti bí i. Ẹni tó kọ́ ọ, João da Costa, Àgùdà ni. Èkó ni wọ́n ti pàdé, owó òwò ni wọ́n sì fi ṣe é.

Kì í ṣe òkè òkun nìkan ni wọ́n ti wá. Nígbà tí wọ́n lé àwọn Kìrìsìtẹ́nì kúrò ní Abẹ́òkúta ní 1867, nínú rògbòdìyàn tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé, Èbúté Mẹ́tta ni wọ́n fún púpọ̀ nínú wọn láti tẹ̀dó sí. Òṣòdì Tápà, tí Nupe jẹ́ ìran rẹ̀, di balógun Kòsọ́kọ́, ó sì di baba ńlá ìdílé pàtàkì kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn Haúsá, tí púpọ̀ nínú wọn sá kúrò lóko ẹrú, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun sílẹ̀. Àwọn ará Lẹ́bánónì, tí a mọ̀ sí Kòráà, dé ní apá ìparí ọ̀rúndún náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ìkiri ọjà kéékèèké. Àwọn Ẹ̀gùn àti Ìlàjẹ mú ẹja pípa wá. Ìgbò, Edo, Urhobo àti Ìjọ̀ pọ̀ sí i lẹ́yìn tí ojú irin àti iṣẹ́ ìjọba fẹjú.

Iye èèyàn sọ ìtàn tirẹ̀: ní 1866, nǹkan bí 25,000 ni ará ìlú, ní 1931, ó lé ní 126,000, ní 1963, ó ti lé ní 665,000 láàárín ìlú nìkan. Ìbímọ lásán kì í sọ iye di bẹ́ẹ̀.

Kò rọrùn láti gbé pọ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri jà ní Èkó láti 1924 nítorí fífún pọ̀ àti ẹ̀gbin, òun ló sì fa ìdásílẹ̀ àjọ ìdàgbàsókè ìlú, LEDB, ní 1928. Ní 1955, àjọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàárín gbùngbùn erékùṣù, wọ́n ní kí àwọn èèyàn kó lọ sí Sùúrùlérè. Onílẹ̀ àti àlejò ni wọ́n jọ wó ilé wọn.

Kí ni ojú irin àti ògiri òkúta ṣe tí ọ̀sà nìkan kò lè ṣe?

Ẹnu omi tí a yìn lókè yìí ní àbùkù ńlá. Òkìtì iyanrìn wà lábẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ òkun ńlá kò sì lè gorí rẹ̀ kọjá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ tó ti Liverpool tàbí Hamburg bọ̀ máa ń kọjá níwájú Èkó lọ sí Forcados ní ìhà Delta, á já ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré níbẹ̀, ọkọ̀ kékeré á sì gbé e padà wá sí Èkó. Epo àti èkùrọ́ tó ń jáde náà ń fẹsẹ̀ gbo ọ̀nà yìí. Ta ló ń san owó rẹ̀? Àgbẹ̀ ni, nínú iye tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ojú irin ló kọ́kọ́ dé. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìddó ní 1896, wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901, ọdún kan náà tí Afárá Carter so Ìddó mọ́ erékùṣù. Ó dé Jẹ́bbà ní 1909. Láàárín àkókò yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da òkúta sínú òkun láti fi ṣe ògiri ńlá tí yóò darí omi kó lè máa gbá iyanrìn lọ. Agbègbè Abẹ́òkúta ni òkúta náà ti wá, ọkọ̀ ojú irin ló sì ń kó o. Ojú irin ló bá èbúté ṣí ilẹ̀kùn ara rẹ̀. Nígbà tó fi di 1914, ọkọ̀ òkun ti ń wọ ọ̀sà.

Kò sí àdéhùn láti ọ̀run pé Èkó ni gbogbo rẹ̀ máa já sí. Àwọn aláṣẹ ìhà Àríwá fẹ́ kí ẹrù Kano gba Baro lọ, kó wọ odò Ọya, kó sì jáde ní ẹnu Delta; wọ́n tilẹ̀ la ojú irin Baro sí Kano nítorí rẹ̀. Omi odò náà máa ń fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀ kì í sì lè rìn dáadáa. Nígbà tí ojú irin Èkó so mọ́ ti Kano ní Minna, ìdíje ti parí. Òwú ni òyìnbó ń retí láti Kano. Ẹ̀pà ni àgbẹ̀ gbìn, ó kún ibùdókọ̀ títí ó fi ń tú síta. Ọkọ̀ tó gbé ẹ̀pà wá gbé èèyàn wá pẹ̀lú, nítorí iṣẹ́ owó oṣù wà ní ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́tta àti ní wọ́ọ̀fù.

Báǹkì náà tẹ̀lé ẹrù. Báǹkì tó di First Bank lónìí bẹ̀rẹ̀ ní 1894 láti máa pín owó fún òwò etíkun. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ náà tẹ̀lé e: ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun Flour Mills bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àpápá ní 1962, nítorí òkè òkun ni wíìtì ti ń wá, kò sì sí ìdí láti máa wọ́ ọ lọ jìnnà kí wọ́n tó lọ̀ ọ́.

Ilẹ̀ tí èbúté wà lórí rẹ̀ ńkọ́?

Ní 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ní Àpápá. Abẹ́ oyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, ni ilẹ̀ náà wà. Ìjọba ní òun kò jẹ wọ́n ní owó ilẹ̀ tó jọjú, torí pé Dòsùnmú ti fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní 1861. Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, pe ẹjọ́, ó pàdánù ní ilé, ó sì bá Herbert Macaulay lọ sí London ní 1920. Ní oṣù keje 1921, ìgbìmọ̀ Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, dá a láre: ìwé 1861 gbé àkóso lọ, kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ará ìlú, owó gbà-má-bínú tó tọ́ sí onílẹ̀ gan-an ni kí wọ́n san. £22,500 ni wọ́n san níkẹyìn.

Ẹni tó bá ń sọ pé Èkó kò ní onílẹ̀ ní láti kojú ìdájọ́ yìí. Ẹni tó sì ń tọ́ka sí i ní láti rántí pé òfin ti yí padà: láti 1978, òfin Land Use Act fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, bí ìjọba bá sì gba ilẹ̀ báyìí, ohun tó wà lórí rẹ̀, ilé tàbí irè oko, ni owó gbà-má-bínú ń wò jù.

Ṣé owó ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ Èkó?

Apá kan, bẹ́ẹ̀ ni. Àjọ tó ń ṣàkóso èbúté, NPA, tí òfin 1954 dá sílẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni, Kọ́sítọ́ọ̀mù náà sì jẹ́ tirẹ̀. Afárá Èkó, tó parí ní 1975, àti Third Mainland Bridge tí wọ́n ṣí ní 1990, owó àpapọ̀ ni. Èkó ni olú-ìlú títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991.

Ogun abẹ́lé náà tún ti ẹrù sí i. Láti 1967 títí di 1970, Port Harcourt, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 1913 nítorí èédú Enugu, kò lè gba ọkọ̀ òkun òwò bó ṣe yẹ. Èkó ló ru gbogbo rẹ̀. Owó epo rọ̀bì dé lẹ́yìn ogun, ìjọba sì pàṣẹ sìmẹ́ńtì tó tó mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù. Ní 1975, ọkọ̀ tó lé ní 400 tò sójú òkun níwájú Èkó, wọ́n ń gbowó ìdúró lọ́wọ́ Nàìjíríà lójoojúmọ́, sìmẹ́ńtì sì ń dì nínú wọn. Ìtìjú náà ló jẹ́ kí wọ́n sáré kọ́ èbúté Tin Can Island, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1977.

Àwọn tó ń gbèjà Èkó máa ń fèsì pé owó orí ẹrù tó ń gba èbúté yìí wọlé wà lára ohun tó gbọ́ bùkátà ìjọba kí epo rọ̀bì tó dé, àti pé ní 1914, gbèsè àti àìní èbúté ìhà Àríwá wà lára ohun tó mú kí Lugard so ilẹ̀ méjèèjì pọ̀. Òtítọ́ ni. Òtítọ́ sì ni pé kòkó ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀pà Kano àti epo pupa ìlà oòrùn ló ń gbowó náà wọlé. Èbúté kì í gbin nǹkan kan.

Lẹ́yìn tí olú-ìlú kó lọ sí Abuja, èrò kò dín. Ètò ìkànìyàn 2006 ní 9,113,605 ni èèyàn ìpínlẹ̀ náà, ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ ọ́, wọ́n ní ó lé ní mílíọ̀nù 17. Owó wà nínú ìjà yẹn, torí iye èèyàn wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín owó àpapọ̀. Èkó tún béèrè fún ipò pàtàkì nítorí ẹrù tó ń rù fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ilé aṣòfin àgbà da àbá náà nù ní oṣù kẹwàá 2016.

Kí ló fa sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Àpápá?

Kọ̀ǹtánà, ní kúkúrú. Ojú irin àtijọ́ ti bàjẹ́, tírélà nìkan ló kù láti kó ẹrù jáde. Ọkọ̀ agbépo tó ń wá sí àwọn ibùdó epo Àpápá tún darapọ̀ mọ́ wọn lójú ọ̀nà kan náà. Nígbà tí ìjọba gbé èbúté fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ní 2006, iṣẹ́ inú ọgbà yá sí i, ọ̀nà ìta kò yí padà. Tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lórí afárá. Ètò ìforúkọsílẹ̀ tírélà tí wọ́n ń pè ní Ètò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì 2021. Ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún náà.

Kí ni ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ gan-an?

Àwọn ọmọ onílẹ̀ ń fẹ́ kí wọ́n gbà pé ìlú náà ní ìtàn, ní oyè, ní ìdílé tó ṣáájú èbúté, kí wọ́n má sì di àfẹ́kù nínú ìṣèlú rẹ̀. Àwọn àtọ̀húnrìnwá ń tọ́ka sí òfin orílẹ̀-èdè 1999: apá 41 fún ọmọ Nàìjíríà láṣẹ láti gbé ibikíbi, apá 43 sì fún un láṣẹ láti ní ilẹ̀ àti ilé níbikíbi. Wọ́n ń san owó orí, wọ́n bí ọmọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan náà, ní apá 318, fi òbí tàbí òbí àgbà tó wá láti ìran tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Nítorí náà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè fa òfin yọ, kò sì sí ẹni tó ń parọ́.

Ẹgbẹ́ kẹta ń bẹ tí kì í sábà pariwo: àwọn oníṣòwò ìhà ìlà oòrùn tó ń béèrè ìdí tí ẹrù Aba fi gbọ́dọ̀ gba Àpápá nígbà tí Onne àti Calabar wà. Omi Calabar kò jìn tó fún ọkọ̀ ńlá, wọ́n sì ti ń ṣèlérí láti gbẹ́ ẹ láti ọdún pípẹ́.

Lekki wá ńkọ́?

Ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní 2023 ni wọ́n ṣí èbúté Lekki. Jíjìn omi rẹ̀ tó mítà 16.5, omi Àpápá kò sì jìn tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ tó ti ń já ẹrù sí Lomé ní Togo fún Nàìjíríà lè wá tààrà. Ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ojú irin kankan tó dé ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí i. Tírélà ló ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀ gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ìjọba àpapọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà etíkun Èkó sí Calabar ní 2024, tí ilé wíwó àti gbà-má-bínú ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ní Ìbẹ̀jú-Lekki, ilẹ̀ tó jẹ́ oko àti ibùdó apẹja ti di ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ láti gbogbo ìpínlẹ̀ ń wá ilé gbà sí.